Ẹ̀kán Yíǹkì Mélòó Ló Wà Nínú Íǹṣì Kan?

Ọ̀rọ̀ tòní dá lé ohun kan tí ojú lásán kì í tètè rí, ṣùgbọ́n tí ó máa ń pinnu bóyá ìwé Yorùbá yóò ṣe é kà bí ẹni tí ó kọ ọ́ ti fẹ́ kí wọ́n kà á. Ohun náà ni iye ẹ̀kán yíǹkì tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè tò sínú gígùn íǹṣì kan lórí bébà.

Ká ní olùkọ́ kan kọ gbólóhùn yìí sínú ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀: "Ọwọ́ rẹ̀ kò tó o." Ó tò ó dáadáa lórí kọ̀ǹpútà, ó tẹ ẹyọ kan jáde, wọ́n sì gbé e lọ sí ìdí ẹ̀rọ tí ń ṣe ẹ̀dà. Nígbà tí ẹ̀dà kò kárí, wọ́n fi ẹ̀dà ṣe ẹ̀dà mìíràn. Kí ìwé náà tó dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, àmì abẹ́ lẹ́tà méjèèjì ti pòórá. Ohun tí ọmọ náà rí kà ni "Owó rẹ̀ kò tó o." Ohùn orí ọ̀rọ̀ méjèèjì kò yàtọ̀ síra, gbólóhùn méjèèjì ló sì mọ́gbọ́n wá. Ọmọ náà ṣe àlàyé owó, olùkọ́ ń retí àlàyé ọwọ́, ó sì gba òdo. Olùkọ́ kò ṣe àṣìṣe gírámà, ọmọ kò sì ṣe àìmọ̀ ìwé. Láàárín àwọn méjèèjì ni nǹkan ti sọnù, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí wọ́n ti wá a.

Ẹ jẹ́ kí ojú kọ́kọ́ lọ sí ara adé onílẹ̀kẹ̀. Ojú àti imú ènìyàn tí ó máa ń wà lára adé, ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n tò lẹ́yọ lẹ́yọ tí ó fi dà bẹ́ẹ̀. Bí ìlẹ̀kẹ̀ náà bá tóbi tó hóró àgbàdo, ẹyinjú tí ó yẹ kí ó rí roboto yóò ní igun bí ilé. Bí ó bá kéré bí hóró ọkà bàbà, ẹyinjú yóò yípo, ìpéǹpéjú yóò sì rí tínínrín. Oníṣẹ́ lè jẹ́ ẹnì kan náà, àwòrán tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀kan náà. Ìwọ̀n ìlẹ̀kẹ̀ ni ó fa ìyàtọ̀. Ohun kan tún wà níbẹ̀: ìlẹ̀kẹ̀ kì í ṣe é là sí méjì. Bí kò bá wà lójú rẹ̀, a jẹ́ pé kò sí níbẹ̀ rárá.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni lẹ́tà rí nínú ẹ̀rọ òde òní. Kọ̀ǹpútà pín bébà sí ojú onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́, bí ojú ìwé tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fi ń ṣe ìṣirò. Yálà kí ẹ̀rọ kán yíǹkì sí ojú kan tàbí kí ó fò ó kọjá. Kò sí agbede méjì. Iye ẹ̀kán bẹ́ẹ̀ tí ó wà nínú íǹṣì kan ni àwọn atẹ̀wé ń pè ní dpi. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìwọ̀n ẹ̀kán ni yóò máa jẹ́.

Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, òjé ni lẹ́tà. Odidi ni wọ́n rọ ọ́, etí rẹ̀ sì gún bí etí ohun tí wọ́n fi rọ ọ́ bá ti gún tó. Kò sí ẹni tí ó ń ka ẹ̀kán. Ní ọdún 1965 ni Digiset, ẹ̀rọ tí Rudolf Hell ará Jámánì ṣe, gbé ọ̀nà mìíràn jáde: ó ń fi ìmọ́lẹ̀ ya lẹ́tà tí wọ́n ti pín sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì ti fi ìṣirò pa mọ́ sínú ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà ni iye ẹ̀kán ti di ohun tí ń gba àròjinlẹ̀.

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere jù lọ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Donald Knuth ti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà. Onímọ̀ ìṣirò àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni, kì í ṣe atẹ̀wé. Ìdìpọ̀ kìn-ín-ní ìwé ńlá rẹ̀, The Art of Computer Programming, jáde ní ọdún 1968, èkejì ní 1969, ẹ̀kẹta ní 1973. Òjé ni wọ́n fi to gbogbo wọn, wọ́n sì dùn ún wò. Ní 1977, nígbà tí wọ́n fẹ́ tún ìdìpọ̀ kejì tò, iṣẹ́ olójé ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń fi fọ́tò to lẹ́tà ni wọ́n gbé e fún. Àtẹ̀wò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i bà á nínú jẹ́. Ìrísí lẹ́tà kò dára, àlàfo àárín wọn kò sì bára mu. Iṣẹ́ ọdún gbọọrọ ni ìwé yìí jẹ́ fún un. Kò lè gbà kí ó jáde bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1977 yìí kan náà ni ó rí àtẹ̀wò ìwé ẹlòmíràn, ìwé Patrick Winston, tí wọ́n fi ẹ̀rọ oní-ẹ̀kán tò. Ẹ̀kán tí ó wà nínú íǹṣì kan rẹ̀ lé ní 1,000. Ojú kò lè rí ẹ̀kán kankan níbẹ̀. Ó mọ́lẹ̀ bí iṣẹ́ òjé. Ibẹ̀ ni ó ti yé Knuth pé ìtẹ̀wé ti di ọ̀rọ̀ òdo àti ení: níbo ni kí yíǹkì wà, níbo ni kí ó má sì wà? Òdo àti ení sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó pinnu láti kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa to ojú ìwé, èyí tí ó sọ ní TeX, àti òmíràn tí yóò máa ya lẹ́tà, èyí tí ó sọ ní METAFONT. Ó rò pé láàárín ọdún kan ni òun yóò fi parí rẹ̀. Ó gbà á ju ọdún mẹ́jọ lọ. Lẹ́tà S nìkan fún un ní ìyọnu débi pé ó kọ odidi àpilẹ̀kọ lé e lórí ní 1980. Ẹni tí ó bá rò pé lẹ́tà jẹ́ ohun kékeré, kí ó gbìyànjú láti fi ìṣirò júwe bí S ṣe ń tẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ibi tí ìtàn náà ti kọ́ni lọ́gbọ́n jù ni èyí. Ẹ̀rọ tí Knuth fi ń dán lẹ́tà rẹ̀ wò ní ilé ẹ̀kọ́ kò ní ju bí 200 ẹ̀kán lọ nínú íǹṣì kan. Lórí ẹ̀rọ yẹn, lẹ́tà rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi tẹ ìdìpọ̀ kejì gan-an, tí ó jáde ní 1981, lé ní 5,000. Nígbà tí ìwé tuntun náà dé ọwọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ tún bàjẹ́. Àwọn nọ́ńbà kò dára tó bí ó ti rò, àbùkù tí kò rí tẹ́lẹ̀ sì hàn gbangba. Ẹ̀rọ kékeré ti fi igun àti àkàsọ̀ rẹ̀ bo àbùkù náà mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Ó padà sídìí iṣẹ́, ó gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá nínú yíya lẹ́tà, bí Hermann Zapf àti Matthew Carter, ó sì tún gbogbo rẹ̀ yà títí di 1985. Nítorí náà, àwọn tí ń sọ pé kí ẹ̀kán ṣáà ti pọ̀, kò tán síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kán kì í sọ lẹ́tà burúkú di rere; ohun tí ó wà níbẹ̀ ni ó ń fi hàn.

Kí ló dé nígbà náà tí gbogbo ẹ̀rọ kò fi ní 5,000? Ìṣirò ni yóò dáhùn. Bí wọ́n bá sọ ẹ̀kán di ìlọ́po méjì ní gígùn, ó di ìlọ́po méjì ní ìbú pẹ̀lú, àpapọ̀ rẹ̀ sì di ìlọ́po mẹ́rin. Nígbà tí ẹ̀rọ LaserWriter jáde ní 1985 pẹ̀lú 300 ẹ̀kán nínú íǹṣì kan, bébà tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, tí ó jẹ́ íǹṣì 8.5 ní ìbú àti 11 ní gígùn, gba ẹ̀kán 8,415,000. Láti rántí òdo tàbí ení fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ̀rọ náà nílò ohun tí ó lé díẹ̀ ní mẹ́gábáìtì kan. Mẹ́gábáìtì kan àbọ̀ ni wọ́n sì fi sínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 600 ni wọ́n fẹ́, wọn ì bá nílò ju mẹ́rin lọ, ọpọlọ ẹ̀rọ sì wọ́n gidigidi nígbà náà. Owó ni ó bí 300, kì í ṣe ojú ènìyàn. Lónìí, 600 ti di ohun tí ẹ̀rọ lésà inú ọ́fíìsì lásán ní, àwọn ilé ìtẹ̀wé tí ń ṣe ìwé fún ọjà sì ń lo bí 2,400 tàbí 2,540. Ẹni tí nọ́ńbà kejì yìí bá yà lẹ́nu, kí ó fi mílímítà wọ̀n ọ́n: mílímítà 25.4 ni íǹṣì kan, nítorí náà ọgọ́rùn-ún ẹ̀kán géérégé ni ó wà nínú mílímítà kan.

Ojú tẹlifíṣọ̀n tí ẹ ń wò yìí náà, ẹ̀kán ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní HD ní 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní ìnàró, tí àpapọ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù méjì. Bébà kan ṣoṣo tí ó ti inú ẹ̀rọ lésà jáde ju èyí lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ìwé tí wọ́n bá gbé sókè níwájú kámẹ́rà kì í fi í ṣe é kà nílé, àfi bí kámẹ́rà bá sún mọ́ ọn.

Ó wá kan Yorùbá wàyí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní àmì kíkán kan lórí i àti òmíràn lórí j. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sọnù, òǹkàwé kò ní í ṣìnà, nítorí kò sí lẹ́tà mìíràn tí ó fi kíkán yẹn nìkan yàtọ̀ sí i. Ní ti Yorùbá, kíkán abẹ́ lẹ́tà ni ó ya ẹ sọ́tọ̀ kúrò lára e, ọ kúrò lára o, ṣ kúrò lára s. Òun ni ó ya ẹsẹ̀ tí ènìyàn fi ń rìn kúrò lára ẹ̀ṣẹ̀ tí ènìyàn ń dá, bí ohùn bá ràn án lọ́wọ́. Ohun tí ó kéré jù lọ lójú ìwé ni ó ru ẹrù tí ó wúwo jù.

Báwo ni ó ti kéré tó? Nínú lẹ́tà ìwọ̀n póíǹtì mẹ́wàá, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú ìwé kíkà, ìbú kíkán bẹ́ẹ̀ kò ju bíi póíǹtì kan lọ, èyí ni ìdá kan nínú 72 íǹṣì. Lórí ojú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ó ní 72 ẹ̀kán nínú íǹṣì, ẹ̀kán kan ṣoṣo ni gbogbo kíkán náà. Bí ẹ̀kán yẹn bá bọ́, gbogbo rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Lórí ẹ̀rọ oní-200, bí mẹ́ta ni ní ìbú. Lórí oní-300, bí mẹ́rin. Bí wọ́n bá gé igun rẹ̀ kí ó lè yí díẹ̀, méjìlá ni ó kù lápapọ̀. Lórí oní-600, mẹ́jọ ní ìbú. Lórí oní-2,540, márùndínlógójì ni ní ìbú, àpapọ̀ rẹ̀ sì lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún. Nígbà náà ni ó tó yípo bí òǹyàlẹ́tà ti yà á. Bí lẹ́tà bá wá jẹ́ póíǹtì mẹ́fà, bí irú èyí tí wọ́n ń lò nínú àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé tàbí nínú àwọn ìwé atúmọ̀ èdè tí kò fẹ́ tóbi, kí ẹ fi mẹ́wàá pín gbogbo nọ́ńbà ìbú wọ̀nyí, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́fà. Ẹ̀rọ oní-300 tí ó ń ṣe dáadáa fún Gẹ̀ẹ́sì yóò ku ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta fún kíkán Yorùbá.

Àlàfo tún wà láàárín kíkán àti ìdí lẹ́tà. Òun náà jẹ́ ẹ̀kán díẹ̀, àwọn òǹtẹ̀wé kì í sì í kà á kún. Yíǹkì máa ń tàn lórí bébà, pàápàá lórí bébà ìwé ìròyìn tí ń fa omi. Bí àlàfo bá jẹ́ ẹ̀kán méjì péré, tí yíǹkì tàn ní ẹ̀kán kan láti òkè, ẹ̀kán kan láti ìsàlẹ̀, kíkán ti lẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Ọ wá dà bí o tí ó hu ìrù. Àwọn mìíràn fẹ́ràn igi kékeré tí ó dúró lábẹ́ lẹ́tà dípò kíkán; ní ìwọ̀n ẹ̀kán tí ó kéré, kò sí ẹni tí ó lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, ìjà lórí èyí tí ó dára jù sì di ìjà lásán.

Àmì ohùn ní àìsàn tirẹ̀. Ohun tí ó ya àmì ohùn òkè sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìsàlẹ̀ ni ọ̀nà tí ó dà sí. Kí ohun kan tó lè dà sí ibì kan, ó gbọ́dọ̀ ga tó ẹ̀kán méjì, ó kéré tán. Bí àyè kò bá gba ju ẹ̀kán kan lọ ní gíga, àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ yóò di ìlà tí ó sùn gbalaja, tí òǹkàwé yóò sì rò pé àmì ohùn àárín ni. Èyí burú ju kí àmì sọnù lọ. Ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì máa ń jẹ́ kí òǹkàwé ronú. Ọ̀rọ̀ tí ó ní àmì òdì a máa ṣì í lọ́nà pẹ̀lú ìdánilójú.

Kò yẹ kí wọ́n di gbogbo ẹ̀bi ru ìwọ̀n ẹ̀kán, ṣá o. Bí àmì ohùn bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà dípò orí rẹ̀, tàbí tí àpótí òfìfo yọ níbi tí ó yẹ kí ẹ́ wà, àléébù ẹ̀yà lẹ́tà tí wọ́n ń lò ni. Ẹ̀rọ oní-5,000 yóò tẹ àpótí òfìfo náà jáde dáadáa ni.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni ó máa ń dà á rú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Wọ́n ti gbọ́ pé 300 tó fún fọ́tò tí yóò wọ inú ìwé, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò yé wọn. Yíǹkì dúdú kò lè jẹ́ eérú. Ẹ̀rọ ní láti fi ẹ̀kán dúdú tí ó kó jọ tàbí tí ó tú ká tan ojú jẹ. Ẹ̀rọ oní-2,400 tí ń tẹ fọ́tò ní ìlà 150 nínú íǹṣì a máa ya ẹ̀kán mẹ́rìndínlógún ní ìbú àti mẹ́rìndínlógún ní gíga sọ́tọ̀ fún ojú kọ̀ọ̀kan, 256 lápapọ̀. Bí ó bá kún inú rẹ̀ díẹ̀, ojú yóò rí eérú fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ó bá kún un púpọ̀, eérú dúdú. Ìlọ́po méjì 150 ni 300, ìdí nìyẹn tí 300 fi tó. Lẹ́tà kò ní eérú. Etí rẹ̀ nìkan ni ó ní, etí yẹn sì fẹ́ gbogbo 2,400 tí ẹ̀rọ lè fún un. Ẹni tí ó bá ya fọ́tò ojú ìwé Yorùbá, tí ó sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé dípò lẹ́tà gidi, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ 2,400 di 300 tàbí 150. Bí ó bá fi fáìlì tí lẹ́tà rẹ̀ ṣì jẹ́ lẹ́tà ránṣẹ́, ìlà ìyípo ni ó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀kán. Ẹ̀rọ tí yóò tẹ̀ ẹ́ ni yóò sọ ọ́ di ẹ̀kán ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Àṣìṣe kan tún wà tí ó pa ni lẹ́rìn-ín. Wọn a sọ fún ẹni tí ó mú fọ́tò wá pé ìwọ̀n rẹ̀ kò pé 300, òun náà a lọ yí nọ́ńbà náà padà lórí kọ̀ǹpútà láti 72 sí 300, a sì gbé e padà wá tayọ̀tayọ̀. Àkọlé ara ìgò ni ó yí padà, kò fi ẹ̀kán omi kan kún ohun tí ó wà nínú ìgò. Fọ́tò tí ó ní 1,200 ojú ní ìbú yóò jẹ́ 300 bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ní íǹṣì mẹ́rin; bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ní íǹṣì méjìlá, 100 ni. Kí wọ́n ka ojú, kí wọ́n fi íǹṣì pín in: kò sí ìdáhùn mìíràn tí kọ̀ǹpútà lè fún wọn tí yóò ju èyí lọ.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ nísinsìnyí ni àwọn tí ń ya àwòrán ìwé Yorùbá àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà kí ikán àti òjò tó jẹ wọ́n tán. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yà á ní dúdú àti funfun lásán, ní ìwọ̀n 200, ẹ̀rọ ni yóò máa pinnu fúnra rẹ̀ ohun tí ó jẹ́ yíǹkì àti ohun tí ó jẹ́ ìdọ̀tí. Kíkán abẹ́ lẹ́tà tí ó ti ṣá, a kà á sí ìdọ̀tí. Ihò tí kòkòrò dá sábẹ́ o, a sọ ọ́ di ọ. Bí wọ́n bá yà á pẹ̀lú eérú rẹ̀, ní 400 tàbí 600, òǹkàwé tí ó gbọ́ èdè yóò ṣì lè fi ojú ara rẹ̀ ṣe ìdájọ́. Ó gba àyè púpọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó sì gba àkókò. Ilé ìkàwé tí ó bá sì ti ya tirẹ̀ ní 200, kí ó má tíì kó ojúlówó ìwé náà dànù.